Ọrùn Kì í Parọ́

Bí ẹ bá wá sí ìsọ̀ mi ní ọjà Ìkọ̀tún, ẹ má béèrè yàrá tí ẹ ti máa wọ aṣọ wò. Kò sí. Jíǹsì òkìríkà ni mo ń tà, lórí tábìlì kan lábẹ́ agbòòrùn ńlá, gbogbo ayé sì ń kọjá níwájú wa. Ta ló fẹ́ bọ́ ṣòkòtò níbẹ̀? Ọrùn la fi ń wọ̀n ọ́n. Màá ti bọ́tìnnì ṣòkòtò náà, màá tẹ́ ìbàdí rẹ̀ pẹlẹbẹ, màá fi yí oníbàárà lọ́rùn bí ẹni tó fẹ́ fún un lọ́rùn pa. Bí etí méjèèjì bá pàdé ní ẹ̀yìn ọrùn, ṣòkòtò yẹn máa wọ̀ ọ́. Bí wọn ò bá pàdé, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Bí wọ́n bá gorí ara wọn, lọ wá bẹ́líìtì.

Àwọn tó kàwé máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni kan tó so táì mọ́rùn ní, "Ìyá, kí ló kan ọrùn kan ìbàdí?" Mo ní, "Ọ̀gá, Ọlọ́run ló so wọ́n pọ̀, èmi ò sí níbẹ̀." Ó rà á tìfuratìfura. Ọ̀sẹ̀ kejì ló padà wá ra méjì sí i, òun fúnra rẹ̀ ló sì na ọrùn sí mi. Ọrùn kì í parọ́.

Láti òkèèrè ni mo ti ń mọ ìbàdí èèyàn. Kí o tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti mọ nọ́ńbà ẹ, òun náà ni mo sì fi ń ké sí ọ: "Òrọ̀bọ̀ mi, yà síbí, tìẹ ló ń pè ọ́ lórí tábìlì yìí! Lẹ́pa, má sá lọ, mo ní èyí tí kò ní já bọ́ nídìí ẹ!" Èèyàn á rẹ́rìn-ín, á yà. Ẹni tí inú bá bí á yà wá bú mi, bó ṣe ń bú mi lọ́wọ́ ni màá ti ká ṣòkòtò mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹnu ni mo fi ń tajà. Tábìlì kàn ń bá mi gbé e ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà tó ṣì kéré, èmi àti òun nìkan la ń gbé ní Ìgàndó. Lọ́dún tó parí ilé-ìwé girama, tó ń retí kí yunifásítì pè é, ó ń tẹ̀lé mi lọ sọ́jà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó kún dáadáa, ara rẹ̀ ń dán. Òun ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Tí obìnrin kan bá ń ṣiyèméjì, màá pe ọmọ mi kó wá dúró, màá gbé ṣòkòtò lé e níbàdí: "Ẹ wò ó lára eléyìí! Ìdí rẹ̀ ti ju ti ìyá rẹ̀ lọ, ó sì gbà á. Kí lẹ̀yin wá ń bẹ̀rù?" Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Títí dòní ni mo ń sọ ọ́ fún ara mi pé òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Tí mo bá lọ kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n bá fẹ́ yìn mí, wọ́n á ní, "Áà, o mà ti sanra o! Èkó gbà ọ́!" Tí mo bá rù, wọ́n á fà mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n á bi mí lóhun tó ń ṣe mí. Mo bá padà dé Ìkọ̀tún, mo ní "o ti sanra" fún ọmọbìnrin kan, ó fẹ́ sunkún. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o! Níbì kan àdúrà ni, níbì kejì èpè ni. Mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kiri ọjà. Mi ò bi ara mi pé ọmọ mi tó ń gbọ́ méjèèjì, èwo ló ń gbé sọ́kàn lọ sùn.

Bí eré ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ń ṣe dáyẹ́ẹ̀tì. Ó rí i lórí fóònù, àwọn ọmọbìnrin kan tí ikùn wọn pẹlẹbẹ bí àwo, tí wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀ àti ohun tí wọn ò jẹ lálẹ́. Kò jẹ ẹ̀bà mọ́. Kò jẹ ìrẹsì. Kùkúḿbà ni, àti omi gbígbóná tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí.

Mo ní, "Ṣé ewúrẹ́ ni ọ́ ni?"

Ó ní, "Mọ̀ọ́mì, ewúrẹ́ kì í yọ ikùn."

"Irọ́. O ò tíì rí èyí tó jẹ èlùbọ́ onílé."

A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nọ́ńbà mẹ́rìnlá di mẹ́wàá. Lọ́jọ́ tí mo ká a mọ́ ọn lọ́rùn tí mo rí i, mo pariwo. Mo pe ìyá oníbàtà tí ìsọ̀ wa jọ kángun síra, mo pe ẹni tó ń ta bẹ́líìtì, mo pe àwọn tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ wọn: "Ẹ wá wo ọmọ mi! Mẹ́rìnlá lánàá, mẹ́wàá lónìí!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin méjì ra jíǹsì lójú ẹsẹ̀ torí kí wọ́n lè rí i bi í lóhun tó lò. Ọmọ mi dúró láàárín wọn, ojú ń tì í, síbẹ̀ ojú náà ń tàn yanran.

Ìgbà náà ni ààwẹ̀ dé. Mùsùlùmí ni wá. Tẹ́lẹ̀, tí oṣù ààwẹ̀ bá ti wọlé, ọmọ yìí á máa wo aago láti ọ̀sán bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ yí padà. Kò kùn, kò sùn kiri. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló gbà gbáko, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ààwẹ̀ tán, a jẹun ọdún, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà tí àwọn olùfọkànsìn máa ń fi lé e. Ìyẹn náà tán, ó ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni òun á máa gbà báyìí. Tí mo bá rí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí kò jẹun, á ní òun ń san ọjọ́ tí òun jẹ nínú oṣù ààwẹ̀. Hìjáàbù rẹ̀ gùn dé orúnkún. Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí ń dì mọ́ mi: "Ìyá rere! Irú ọmọ yìí ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí." Mo ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Nígbà yẹn, tí mo bá ń rìn bọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, ẹ ó rò pé èmi ni mo kọ́ ilé náà.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé kò tẹ̀lé mi lọ sọ́jà mọ́, ilé ló ń dúró sí, òun ló ń dáná. Ọmọ tí kò fẹ́ràn kíṣìnnì tẹ́lẹ̀! Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, ẹ̀fọ́ rírò tó lẹ́ja nínú, dòdò tí wọ́n gé lọ́gbọọgba bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Á jókòó síwájú mi, á máa wo ẹnu mi.

"Mọ̀ọ́mì, ó dùn?"

"Ó dùn."

"Ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ má ṣẹ́ ẹ kù."

Màá ní, tìẹ ńkọ́? Á ní òun ti ṣínu nígbà tí mò ń kírun. Láàárín oṣù mẹ́ta, èmi ni mo sanra. Jíǹsì tèmi gan-an kò ti mọ́.

Ìyá oníbàtà yẹn, ọmọ Èkìtì ni, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ, ìyẹn la fi ń ṣọ̀rẹ́. Lọ́jọ́ kan, mò ń fi ọmọ mi yangàn lọ́wọ́, ó ń nu bàtà kan, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan. Ṣebí o sọ fún mi pé obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í gbààwẹ̀ nínú ẹ̀sìn yín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Á fi ọjọ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀, á wá san án tó bá yá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni jàre."

"Ọmọ tìẹ gba ọgbọ̀n ọjọ́, kò fi ọ̀kan sílẹ̀?"

"Kò fi ọ̀kan sílẹ̀!"

Ó gbójú sókè wò mí, kò dáwọ́ dúró lórí bàtà. "Ó dáa," ó ní. "Ìbéèrè lásán ni."

Oṣù ààwẹ̀ ọ̀hún ti kọjá láti ìgbà pípẹ́, mò ń ka ọjọ́ tí ọmọ mi fi gbààwẹ̀ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, mi ò sì bi ara mi pé obìnrin wo ló ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ pé. Tí kò bá fi ọjọ́ kankan sílẹ̀, ààwẹ̀ wo ló wá ń san?

Kí ni ìyá máa kọ́kọ́ rò? Ohun tí ẹ̀yin náà ń rò yẹn ni. Mo ti ìsọ̀, mo ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò ní kẹ́míìsì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Mo bá a ní kíṣìnnì, ó ń po ẹ̀wà fún àkàrà.

Mo ní, "Ta ni?"

Ó ní, "Ta ni kí ni?"

"Ta ló fún ẹ lóyún?"

Ó wò mí títí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbẹ, ó ń dún bí ẹni ń fa nọ́lọ́ọ̀nù ya. "Mọ̀ọ́mì, ibo loyún fẹ́ gbà wọlé? Èmi tí mi ò yọjú síta."

Ó yẹ ara rẹ̀ wò. Kò sí oyún. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ sórí sìmẹ́ǹtì kíṣìnnì. Bí mo ṣe ń dìde, ó ti bọ́ hìjáàbù rẹ̀ torí ooru iná, ọpẹ́ tó wà lẹ́nu mi kò parí. Apá rẹ̀! Eegun èjìká rẹ̀ yọ bí ohun tí wọ́n fi ń gbé aṣọ kọ́. Irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan hù lé e lápá bí ti ọmọ tuntun. Inú ooru yẹn, ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Kí ló mú ọ rù báyìí?"

Ó fa hìjáàbù mọ́ra. "Mọ̀ọ́mì, mo ṣì sanra."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà, àwa kì í kúkú bára wa sọ̀rọ̀ láìsí àwàdà. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Mo wọ yàrá, mo gbé jíǹsì nọ́ńbà mẹ́wàá jáde nínú àpò ọjà, mo fi yí i lọ́rùn. Etí kan gun ekejì, ó kọjá lọ. Mo mú mẹ́jọ. Bákan náà. Mo wá tú àpò ti àwọn ọmọdé, èyí tí mò ń kó fún ọmọ tí kò tíì wọ girama. Ìyẹn ló pàdé ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

Mo ní, "Ìwọ náà fọwọ́ kàn án. Ọrùn kì í parọ́."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ọrùn mi ló tínrín, Mọ̀ọ́mì. Ìbàdí mi lẹ ò rí."

Ọ̀gbẹ́ni onítáì gan-an gbà nígbẹ̀yìn. Ọmọ tí mo bí kò gbà. Mo mú un lọ síwájú dígí. Mo ní, "Ó dáa, fi hàn mí. Ọ̀rá ọ̀hún dà?" Ó tọ́ka sí ikùn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Mi ò rí nǹkan kan àfi awọ. Mo wo ojú rẹ̀ nínú dígí, mo sì mọ̀ pé kò parọ́ fún mi. Ó ń rí i. Ohun tí kò sí níbẹ̀, ó ń rí i kedere. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà kò ti jẹ́ kí n sinmi: kí ni ọmọ yìí ń rí?

Ẹ má bi mí lóhun tí mo ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e. Mo ra oògùn aràn. Mo ra àgbo tí wọ́n ní ó ń fa ebi, èmi tó tọ́ ọ wò ni ebi ń pa. Ará ilé wa kan ní ayé ló ń bá a jà, òmíràn ní ìwé àkàjù ni, bẹ́ẹ̀ kò tíì rí yunifásítì wọ̀. Mo gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀, mo dúró tì í bí ọlọ́pàá. Ó jẹ ẹ́ tán kí n tó yíjú padà. Inú mi dùn fún ọjọ́ mẹ́rin, títí òórùn kan fi júwe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún mi. Gbogbo òkèlè náà ló wà níbẹ̀ nínú nọ́lọ́ọ̀nù, ó ti bu.

Mo gba ọ̀dọ̀ àfáà wa lọ. Mo rò pé ó máa yìn ín kó tó gbàdúrà fún un. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ní, "Ìyá, ta ló rán an níṣẹ́ ààwẹ̀ yìí?"

Mo ní, "Ọlọ́run ni, àbí?"

"Rárá o. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kó jẹun. Ẹni tó bá ń febi pa ara rẹ̀ kó lè rù, ẹ má fi orúkọ ààwẹ̀ bò ó. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ lọ lónìí, àdúrà á bá yín níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ní ilé ìtọ́jú nítòsí wa, obìnrin Oǹdó kan ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó wọ̀n ọ́n, ó gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù, ó ní ó ń lù falẹ̀falẹ̀ jù fún ọmọdé. Ó bi í ní ọ̀pọ̀ nǹkan. Èmi náà ní tèmi tí mo fẹ́ bi í.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ebi ni kì í pa á ni?"

"Ebi ń pa á, Mà. Ó ń pa á ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń dáná ṣáá, tó ń wo ẹnu yín. Láti àárọ̀ dalẹ́, orí oúnjẹ ni ọkàn rẹ̀ wà. Ẹ̀rù ló ń bà á."

"Ẹ̀rù ẹ̀bà?"

"Ẹ̀rù ẹ̀bà."

Mo yíjú sọ́mọ mi kó lè bá mi rẹ́rìn-ín. Omi ló ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń wo nọ́ọ̀sì yẹn bí ẹni tó sọnù sọ́jà tó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní àìsàn ni, anọrẹ́síà ni wọ́n ń pè é. Mo ní kó tún un pè. Mo ní, "Ìyẹn á jẹ́ àìsàn òyìnbó." Ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí òun fi rí i ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí òun tún rí i ní Baruwa. "Wọ́n máa ń pè é ní dáyẹ́ẹ̀tì, Mà, tàbí kí wọ́n pè é ní ààwẹ̀. Ìjọ àwa náà ń gbààwẹ̀. Ta ló máa fura sí ẹni tó ń gbààwẹ̀?"

Mo ní, "Ṣé gbogbo ẹni tó bá ṣe dáyẹ́ẹ̀tì ló máa ń mú?"

Ó ní rárá. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn á ṣe é, ebi á pa wọ́n, wọ́n á padà sídìí ọbẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n fún àwọn kan, ẹnu ọ̀nà ló jẹ́. Wọ́n á wọlé, ilẹ̀kùn á tì mọ́ wọn, ebi fúnra rẹ̀ á wá máa ṣi ojú wọn lọ́nà débi pé dígí ò ní bá wọn sọ òótọ́ mọ́. Mo bi í pé kí ló ń fà á. Ó ní kì í ṣe ohun kan: ó lè wá láti ìdílé, ó lè jẹ́ irú ọmọ tó ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan gún régé, ó lè jẹ́ yẹ̀yẹ́, ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n ń wò lórí fóònù, wọ́n sì lè pàdé pọ̀ síbì kan. Mo rántí dòdò tí ọmọ mi gé lọ́gbọọgba. Nọ́ọ̀sì ní kí n má fi falẹ̀, torí ó ń pa èèyàn.

Ó kọ̀wé fún wa lọ sí ọsibítù ńlá. Ó ní dókítà méjì ló máa rí i, ọ̀kan tó ń wo ara, ọ̀kan tó ń wo ọpọlọ. Mo dìde fùú. "Ọmọ mi ò ya wèrè o!"

"Ta ló pe ẹnikẹ́ni ní wèrè? Ẹ jókòó, Mà. Tí ẹsẹ̀ bá ń dun èèyàn, ṣé orí la máa fi oògùn pa?"

Mo jókòó.

Kí a tó lọ, ó bi ọmọ mi pé ìgbà wo gan-an ló mọ̀ pé òun ò ní lè dáwọ́ dúró mọ́. Mo yára dáhùn: "Fóònù ni!" Nọ́ọ̀sì ní òun ò bi mí. Ọmọ mi ń wolẹ̀. Mo ti ń múra sílẹ̀ kó sọ ọjọ́ tí mo fi ìdí rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ fún oníbàárà, mo ti ní ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu.

Ó ní, "Ọjọ́ tí mo di mẹ́wàá ni. Mọ̀ọ́mì pe gbogbo ọjà wá wò mí. Wọn ò pe èèyàn wá wò mí báyẹn rí. Mo rò pé tí mo bá di mẹ́jọ, wọ́n á tún pè wọ́n."

Mo ti sọ fún yín pé ẹnu ni mo fi ń tajà. Mo wá ẹnu ọ̀hún lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí i.

Wọ́n dá a dúró ní ọsibítù ńlá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọn ò da oúnjẹ bò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un, wọ́n ní ara tí ebi ti pa tó báyẹn, oúnjẹ òjijì lè ṣe é léṣe. Nígbà tí a délé, wọ́n ti kọ́ mi ní iṣẹ́ tèmi: oúnjẹ kékeré lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, kí n jókòó tì í, kí n má pariwo, kí n má bẹ̀bẹ̀, kí n má sọ̀rọ̀ ara, ìbáà jẹ́ ìyìn. Ẹ wo ìyà! Kí ni mo máa wá sọ? Wọ́n ní kí n sọ nǹkan mìíràn. Mo wá ń sọ ìtàn ọjà. Ṣíbí kan lè gba odidi ìtàn kan. Ọjọ́ mìíràn á dáa, ọjọ́ mìíràn á ti àwo náà dànù, á ní mo fẹ́ sọ òun di màlúù. Lọ́jọ́ irú bẹ́ẹ̀, màá gbálẹ̀, màá tún bu òmíràn.

Ní ìsọ̀, èmi náà wà lórí ìtọ́jú tèmi. Mo ní mi ò ní pe ẹnikẹ́ni ní òrọ̀bọ̀ mọ́, mi ò sì ní pe ẹnikẹ́ni ní lẹ́pa. Mo gbìyànjú àwọ̀ aṣọ: "Onípupa, yà síbí!" Ọkùnrin mẹ́ta yà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń bára wọn jiyàn ẹni tí mo pè. Ìyá oníbàtà ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ta ló ji ẹnu ẹ gbé?" Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ìwádìí kò fi mí sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá ní kí n fún òun ní èyí tó kéré sí ti ọrùn rẹ̀, kó lè wọ̀ ọ́ tóun bá rù, màá bi í: "Ta lo fẹ́ rù fún?" Ọ̀kan ní fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ ló ń gbéyàwó, ìwọ ni ebi ń pa?" Òmíràn ní ọkọ òun ló sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ikùn tirẹ̀ ńkọ́, báwo ló ṣe rí?" Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ra èyí tó wọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn máa ń dákẹ́. Àwọn tó ń dákẹ́ yẹn ni mo máa ń tẹjú mọ́.

Ọdún yí po, oṣù ààwẹ̀ tún kù fẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ mi ti ń jẹun, nǹkan oṣù rẹ̀ ti padà, yunifásítì kan sì ti pè é. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Mọ̀ọ́mì, mo máa gbà á lọ́dún yìí." Mo mú un padà sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní rárá, ilẹ̀kùn tó wọlé tẹ́lẹ̀ nìyẹn, tó bá tún gba ibẹ̀ wọlé, a lè má rí i fà jáde. Ọmọ mi ní òun ò gbọ́. Ó ní gbogbo mọ́ṣáláṣí á mọ̀ pé òun ń jẹun. Mo mú un lọ bá àfáà.

Àfáà ní, "Ààwẹ̀ tiwa ni pé ká má jẹun. Tìrẹ lọ́dún yìí ni pé kí o jẹun. Èwo ló le jù nínú méjèèjì?"

Ó ní, "Tèmi."

"Ó dáa. Lọ gba tìẹ."

Lọ́jọ́ kìíní, mo fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án, mo wálé. Mo gbé ìrẹsì àti dòdò síwájú rẹ̀. Ọ̀fun mi gbẹ, òórùn dòdò yẹn ń fà mí nímú. Ó gbé ọwọ́ lé itan, kò fọwọ́ kan ṣíbí.

"Ẹ̀yin ò jẹun, Mọ̀ọ́mì."

"Ta ló ń bá ẹ sọ tèmi?"

"Ebi ń pa yín?"

"Bí ẹni máa kú."

"Báwo ló ṣe ń ṣe yín?"

Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní ó ń bí mi nínú, ó ń fọ́ mi lórí, mo ń rí àwo ẹ níwájú mi tó ń tóbi sí i. Ó gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ìlú tó ti gbé rí.

Ó ní, "Tèmi máa ń dùn mọ́ mi. Tó bá ti ń pa mí, ó máa ń ṣe mí bíi pé mò ń borí."

"Ta lò ń borí?"

"Mi ò mọ̀," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ má wo ẹnu mi."

Mo yí ẹ̀yìn sí i. Àpò jíǹsì ló wà níwájú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn. Torí kí yàrá má bàa dákẹ́ jù, mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀gbẹ́ni onítáì, bó ṣe wá, bó ṣe bi mí pé kí ló kan ọrùn kan ìbàdí. Ó ti gbọ́ ìtàn yẹn rí. Mo dé ibi tí ọkùnrin náà ti padà wá, tó na ọrùn sí mi bí adìyẹ, mo gbọ́ tí ṣíbí kan àwo lẹ́ẹ̀kan. Ó dákẹ́. Ó tún kàn án. Mi ò yíjú padà. Ìtàn náà ti parí, ṣùgbọ́n mo ní ọ̀gbẹ́ni yẹn tún padà wá lọ́sẹ̀ kẹta, tòun tìyàwó, àtàwọn ọmọ, àti ìyá rẹ̀ láti abúlé, gbogbo wọn tò tọrùn-tọrùn síwájú ìsọ̀ mi, èmi sì ń wọ̀n wọ́n níkọ̀ọ̀kan.